Ẹni mẹ́ta, àyè méjì: ṣé ìwé ẹ̀rí ló ń sọ ènìyàn di olùkọ́?

Akọ̀wé_Òbí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn nínú ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́ ilé-ìwé aládàáni kékeré kan. Àyè méjì ló ṣófo: ọ̀kan ní Pírámárì 2, ọ̀kan fún ìṣirò láti JSS 1 dé JSS 3. Ẹni mẹ́ta ló kọ̀wé wá.

Ẹni àkọ́kọ́ gba B.Sc. nínú ìṣirò, kò kọ́ṣẹ́ olùkọ́ rí. Ẹni kejì ní N.C.E., ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tí wọ́n ń gbà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ Pírámárì (P.E.S.) ló ṣe. Ẹni kẹta, ìwé mẹ́wàá (ìwé ẹ̀rí sẹ́kọ́ńdírì) nìkan ló ní, ṣùgbọ́n ó ti ń kọ́ni fún ọdún méje, àwọn òbí sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Apá kan nínú ìgbìmọ̀ ní ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì. Apá kejì ní ìwé kì í kọ́ ọmọ, ènìyàn ló ń kọ́ ọmọ. Kí ni òfin wí, kí sì ni ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ náà rí?

Tíṣà_Àgbà

Ẹ jẹ́ ká ti ẹnu òfin bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ kò le. Òfin 31 ti ọdún 1993 ló dá TRCN sílẹ̀, àwọn ló ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìwé ẹ̀rí tó kéré jù lọ́dọ̀ wọn ni N.C.E. Ìsọ̀rí mẹ́rin ni wọ́n pín olùkọ́ sí. A ni ẹni tó gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, B ni ti máàsítà, C ni B.Ed. tàbí oyè mìíràn tí wọ́n fi PGDE (ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni fún ẹni tó ti gboyè) tì lẹ́yìn, D ni N.C.E. Láti 2017, ẹni tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ tún gbọ́dọ̀ ṣe PQE, ìdánwò ìpegedé olùkọ́, lórí kọ̀ǹpútà. Ìjọba àpapọ̀ fi 31 Oṣù Kejìlá 2019 ṣe gbèdéke fún gbogbo ẹni tó ń kọ́ni láìforúkọ sílẹ̀.

Nínú àwọn mẹ́ta yín, ẹni kejì nìkan lòfin mọ̀. Ẹni B.Sc. ku PGDE, ọdún kan ni ní yunifásítì bí ó bá jókòó tì í. NTI Kaduna, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ìjọba àpapọ̀, náà ń ṣe é fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ìparí ọ̀sẹ̀ àti àkókò ìsinmi ni wọ́n fi ń ṣe é. Oníwèé mẹ́wàá ku N.C.E. odindi, ọdún mẹ́ta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ohun kan wà tí ẹ̀yin ìgbìmọ̀ lè má kíyè sí. N.C.E. kì í ṣe oríṣi kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti yí ìlànà rẹ̀ padà ní 2012, ó ní ti jẹ́léósinmi, ti Pírámárì, ti JSS, ti ẹ̀kọ́ àgbà àti ti àwọn ọmọ tó nílò àkànṣe ìtọ́jú. Ẹni tó bá ṣe P.E.S., Pírámárì ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ẹ má fi òun náà sí JSS nítorí pé "ó ṣáà ní N.C.E."

Sọ̀rọ̀_Kóyé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun fún òfin. Ìwé ẹ̀rí tí òfin ń bèèrè yẹn gan-an ni mo fẹ́ bi yín léèrè.

Ní 2008 wọ́n dán àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìpínlẹ̀ Kwara wò. 19,125 ni wọ́n, iṣẹ́ Pírámárì 4 ni wọ́n sì gbé ìdánwò náà kà. Àwọn 75 ló dé ojú ìlà. Mi ò sọ pé ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún o. Orí ènìyàn 75 ni mo wí. Ní 2017 Kaduna ṣe tiwọn fún bí 33,000 olùkọ́, iṣẹ́ Pírámárì 4 náà ni, 21,780 ni kò gba 75 nínú 100.

Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe tíṣà abẹ́ igi. Ìjọba ló ń san owó oṣù wọn, àwọn tó ní N.C.E. pọ̀ nínú wọn. Bí ìwé bá ń jẹ́rìí, kí ló ń jẹ́rìí sí?

Tíṣà_Àgbà

Ìbéèrè gidi ni, àbúrò. Ohun méjì ló fà á, ìwé ẹ̀rí fúnra rẹ̀ kọ́.

Àkọ́kọ́ ni ẹni tó ń wọlé. Máàkì tí JAMB fi ṣe òdiwọ̀n fún kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ní 2017 jẹ́ 100 nínú 400. Ẹni tí yunifásítì kò gbà ló ń ṣẹ́rí síbẹ̀. Bí ẹnu ọ̀nà bá ti rí báyìí, ọdún mẹ́ta tí wọ́n máa lò nínú ilé kò lè tún gbogbo ohun tó ti wọ́ láti Pírámárì ṣe.

Èkejì ni ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn. Ní N.C.E. àtijọ́, akẹ́kọ̀ọ́ á mú ẹ̀kọ́ méjì tí yóò máa kọ́ni, á fi ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tì í. Ẹni tó mú Ẹ̀kọ́ Ìṣèlú àti Ẹ̀kọ́ Ọrọ̀-ajé á gba ìwé ẹ̀rí, ìjọba á gbé e lọ sí Pírámárì 3 pé kó máa kọ́ gbogbo iṣẹ́. Ìdá-nọ́ńbà (fraction) tí ó máa kọ́ ọmọ, JSS ló ti rí i gbẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó jókòó kọ́ ọ ní ìṣirò Pírámárì padà. Ẹ gbé ìdánwò Pírámárì 4 fún un, kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?

Àwọn olùkọ́ Gíréèdì Tuu àtijọ́, ìyẹn ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tó wà ṣáájú N.C.E., kọ́ṣẹ́ dáadáa, bí wọ́n ṣe ń bú wọn tó. Kọ́lẹ́ẹ̀jì bíi St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ (1896) àti Wesley ní Ìbàdàn (1905), iṣẹ́ Pírámárì gan-an ni wọ́n ń tú palẹ̀ níwájú akẹ́kọ̀ọ́, títí kan bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà sára pátákó kó má dagun. Wọn kì í fi oyè wọ̀n wọ́n. Ọwọ́ ni wọ́n ń wò.

Ṣọ́ọ̀kì_Funfun

Bàbá, ẹ má jẹ́ ká fi àná ṣe ọ̀run o. Nígbà tí ẹkùn ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955, ọmọ tó wà ní ilé-ìwé fò láti 456,600 lọ sí 811,432 láàárín ọdún kan. Níbo ni wọ́n ti rí olùkọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìwé mẹ́fà tán ni wọ́n ní kó máa kọ́ni, wọ́n sì sáré ṣí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíréèdì Tíríì, ọdún méjì péré, káàkiri ìlú. Àwọn tí ẹ ń yìn yìí náà, àárín wọn ni wọ́n wà.

Tíṣà_Àgbà

Mo gbà. Ẹ̀rí mi náà nìyẹn. Ìgbàkúùgbà tí ìjọba bá fẹ́ olùkọ́ tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń gé kúrú ni àkókò tí ẹnìkan fi ń jókòó lẹ́yìn kíláàsì wo ẹni tó ń kọ́ṣẹ́.

Ìyá_Jẹ́léósinmi

Gbogbo yín ń sọ ti ìjọba. Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ kíláàsì díẹ̀, kẹ́ ẹ rí ohun tí ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà fún.

Olùkọ́ kọ 52 − 27 sójú pátákó. Ọmọ kan kọ 35. Olùkọ́ tí kò kọ́ṣẹ́ á fa igi sí i, á ní "kò dáa, tún un ṣe." Ọmọ á tún un ṣe, 35 náà ni yóò tún rí, torí pé ọmọ yìí kò ṣì í ṣe. Òfin kan wà lórí rẹ̀ tó ń tẹ̀lé dáadáa: "Máa yọ kékeré kúrò nínú ńlá." Ó wo ẹ̀yìn, ó rí 2 àti 7, ó yọ 2 kúrò nínú 7, ó kù 5. Ó wo iwájú, 5 àti 2, ó kù 3. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ á wo 35, á sì mọ ohun tó wà nínú orí ọmọ láìbi í.

Ohun tí yóò ṣe kò gba owó. Igi ìgbálẹ̀ ni. Kí ó ṣẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, kí ó di mẹ́wàá-mẹ́wàá pẹ̀lú rọ́bà. Ìdì márùn-ún àti ẹyọ méjì ni 52. "Fún mi ní ẹyọ méje." Ọmọ á wo ọwọ́ rẹ̀, ẹyọ méjì ló wà níta. Ẹ dákẹ́ níbẹ̀. Ẹ má sọ̀rọ̀. Á wo ìdì, á wo ojú olùkọ́, ọ̀kan nínú wọn á ní "kí n tú u?" Tú u! Ìdì ku mẹ́rin, ẹyọ di méjìlá. Yọ méje, ó ku márùn-ún. Yọ ìdì méjì, ó ku méjì. 25. Lẹ́yìn èyí ni ẹ tó wá kọ ọ́ sí pátákó pé a fagi lé 5, a kọ 4 sórí rẹ̀, 2 di 12. Bí ẹ bá ti pátákó bẹ̀rẹ̀, "yíyá" tí ẹ ń pè é kò ní ju àdììtú lọ lójú ọmọ ọdún méje.

Àwọn tó ń pàdánù rẹ̀: olùkọ́ máa ń tú ìdì náà fúnra rẹ̀ níwájú kíláàsì, ọmọ 40 á máa wòran. Ọwọ́ ọmọ ni ìdì gbọ́dọ̀ wà, ìdì márùn-ún àti ẹyọ méjì fún ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin. Ìyẹn ni pé ọmọ 40 á gba ìdì 50 àti ẹyọ 20, igi 520. Ìgbálẹ̀ kan tàbí méjì tó nípọn á tó o.

Ìdákẹ́jẹ́ tí mo ní kẹ́ ẹ dákẹ́ yẹn náà, ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni. Mary Budd Rowe ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970: olùkọ́ kì í sábà dúró ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ lẹ́yìn tó bá béèrè ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá dúró tó mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ á gùn sí i, àwọn tí kì í dáhùn náà á gbìyànjú. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ò jọ nǹkankan, àfi kéèyàn dúró níwájú ọmọ 40 kó tó mọ bó ṣe gùn tó.

Ọmọ_Télọ̀

Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ yìí ní ìpínrọ̀ mẹ́ta, mo sì ti mọ̀ ọ́n. Kí ló dé tó fi yẹ kó gba ọdún mẹ́ta? Nínú iṣẹ́ télọ̀, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ìwé. Ọmọ-iṣẹ́ á gbálẹ̀, á lọ bọ́tìnnì mọ́ ọn, á máa rán etí aṣọ, ọ̀gá á jẹ́ kó gé ánkárá kó tó jẹ́ kó fọwọ́ kan léèsì. Ọjọ́ tí ọ̀gá bá rí i pé ó ti tó, ó gba fúrídọ̀mù. Ẹni tó ti kọ́ni fún ọdún méje, ọmọ-iṣẹ́ tó ti tó fúrídọ̀mù ni.

Olùbẹ̀wò_Ìléèwé

Àpèjúwe yín dáa, Ọmọ_Télọ̀, ibi tó ti yàtọ̀ ni pé bí ọmọ-iṣẹ́ bá gé aṣọ bà jẹ́, ọ̀gá wà níbẹ̀, oníbàárà náà á pariwo lọ́jọ́ kan náà. Ọmọ Pírámárì 2 tí wọ́n kọ́ ní àkọ́bàjẹ́ kì í pariwo. JSS 2 ni yóò ti hàn, nígbà náà ẹlòmíràn ni wọ́n máa bú. Ọdún méje láìsí ọ̀gá lẹ́yìn ènìyàn lè jẹ́ ọdún kan tí wọ́n tún ṣe lẹ́ẹ̀méje.

Fúrídọ̀mù tiwa ni T.P., ìyẹn àkókò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lọ kọ́ni ní ilé-ìwé gidi. Sáà kan gbáko ni nínú N.C.E. Ṣáájú rẹ̀ wọ́n ń ṣe micro-teaching: ìṣẹ́jú 5 sí 10, níwájú ẹlẹgbẹ́ 5 sí 10, ẹ̀ka iṣẹ́ kan ṣoṣo. Lónìí bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, lọ́la bí a ṣe ń bèèrè ọ̀rọ̀, lọ́túnla bí a ṣe ń parí. Ó kọ́, wọ́n ṣe lámèyítọ́, ó tún un kọ́. Títún un kọ́ yẹn ni oògùn rẹ̀. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá tò sílẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, olúkúlùkù á ṣe é lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gba máàkì, ó parí. Oògùn ti dà nù, ìgò ló kù.

T.P. náà, ibi mẹ́ta ló ti ń bàjẹ́. Ìkíní, olùkọ́ tó ni kíláàsì á rí akẹ́kọ̀ọ́, á yọ̀, á kó kíláàsì lé e lọ́wọ́, á jókòó sí yàrá àwọn tíṣà títí sáà á fi parí. Òun gan-an ló yẹ kó máa wò ó lójoojúmọ́. Ìkejì, alábòójútó láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, gbogbo ènìyàn ti mọ ọjọ́ tó ń bọ̀. Wọ́n á ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà fún àwọn ọmọ lánàá. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti bá wọn ṣe é pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó na ọwọ́ ọ̀tún, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kó na òsì, kí gbogbo ọwọ́ ṣáà wà lókè! Ìkẹta, ìwé máàkì. Ó ní àyè fún ìmúra, fún ìwé ètò ẹ̀kọ́, fún ohun èèlò aláràbarà. Àyè kì í sábà sí fún "mélòó nínú àwọn ọmọ ló ṣe é gbà nígbà tí ẹ̀kọ́ parí?"

Ìwé ètò ẹ̀kọ́ nìkan tó láti fi mọ ẹni tó kọ́ṣẹ́. Ẹ wo ibi tó kọ èròǹgbà sí. Bí ó bá kọ "kí àwọn ọmọ lóye ìyọkúrò," kò sí bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá wọ́n lóye. Bí ó bá kọ "kí ọmọ lè yọ nọ́ńbà onílẹ́tà méjì kúrò nínú òmíràn, mẹ́rin nínú márùn-ún," bí ẹ̀kọ́ bá ti parí ẹ ti mọ ibi tí ẹ wà.

Alákọ̀wé_Yorùbá

"Onílẹ́tà méjì" kẹ̀, Ọ̀gá Olùbẹ̀wò? Nọ́ńbà kì í ní lẹ́tà. Oní-díjíìtì méjì.

Olùbẹ̀wò_Ìléèwé

Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ ló yá jù. Ẹ fagi lé e bí ẹ ti ń ṣe.

Alákọ̀wé_Yorùbá

Kò burú. Níwọ̀n ìgbà tí mo ti ya ẹnu, ẹ jẹ́ kí n fi ti èdè kún un, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fojú tín-ín-rín ẹ̀kọ́ṣẹ́ jù. Ilé-ìwé á wá olùkọ́ ìṣirò títí, tó bá kan Yorùbá wọ́n á ní "ṣé o gbọ́ Yorùbá? Máa kọ́ wọn."

Ẹni tó kọ́ fóníìkì Gẹ̀ẹ́sì nìkan á dé iwájú kíláàsì, á kọ "p", á sì pè é bí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ á ka "apá", kò ní jọ ohun tó ń sọ nílé. A kì í pe p wa bẹ́ẹ̀, ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ló ń ṣiṣẹ́ pa pọ̀. Ó tún kan "gb", lẹ́tà kan ni nínú 25 tí a ní, olùkọ́ á ní kí ọmọ máa pe g, kó pe b. Ọmọ á ka "gì-bá" dípò "gbá".

Ohùn ńkọ́? Ẹ kọ "igba" sí pátákó láìfi àmì sí i. Re re, igba, owó igba náírà. Re mi, igbá tí a fi ń bu omi. Do do, ìgbà, àkókò. Re do, igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Kí olùkọ́ kọ ọ́ lórin, kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ tẹ̀lé e, ìsàlẹ̀, àárín, òkè. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ fún sáà kan, ọmọ Pírámárì 2 á máa fi àmì sí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ní B.A. Yorùbá lè mọ gbogbo èyí kó má mọ bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹni tó ní N.C.E. lè mọ bí wọ́n ṣe ń fọ́ nǹkan sí wẹ́wẹ́ kó má mọ ohùn. Ìmọ̀ méjì ni.

Ṣọ́ọ̀kì_Funfun

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n gbè lẹ́yìn oníwèé mẹ́wàá. Ní Íńdíà, ní Vadodara àti Mumbai, láti 2001 dé 2003, wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́bìnrin àdúgbò tí wọ́n ti ka sẹ́kọ́ńdírì tán, wọ́n kọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ń pè wọ́n ní balsakhi. Wọ́n á kó ọmọ 15 sí 20 tó ti ń ṣẹ́yìn kúrò nínú kíláàsì fún wákàtí méjì lójúmọ́, kìkì ìwé kíkà àti ìṣirò àkọ́kọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé tó ṣe ìwádìí rẹ̀, Banerjee, Cole, Duflo àti Linden, fi ilé-ìwé tó ní wọn wé èyí tí kò ní, ó sì hàn kedere pé àwọn ọmọ náà lọ síwájú. Kò sẹ́ni tó ní oyè olùkọ́ nínú àwọn obìnrin yẹn.

Ẹ tún wo ilé-kéú wa. Àáfà tó ń kọ́ ọmọ lórí wàláà, ta ló bi í ní PGDE?

Tíṣà_Àgbà

Ìwádìí gidi ni, mi ò bá a jà. Ẹ kàn ka ohun tí ẹ kọ fúnra yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ 15 sí 20 ni, kì í ṣe 60. Wákàtí méjì. Nǹkan méjì péré ni wọ́n ń kọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn ló sì ṣe ètò iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún wọn. Olùkọ́ kíláàsì ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù. Ẹ gbé obìnrin kan náà sí kíláàsì Pírámárì 5, ẹ̀kọ́ mẹ́wàá, òun nìkan, ẹ wá wò ó.

Irú rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ wa. Ètò EdoBEST tó bẹ̀rẹ̀ ní Ẹdó ní 2018, EkoEXCEL ní Èkó ní 2019, KwaraLEARN ní Kwara ní 2022: wọ́n kọ ẹ̀kọ́ sílẹ̀ sórí tábúlẹ́ẹ̀tì, olùkọ́ á máa tẹ̀lé e ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀, alábòójútó á máa wá wò ó. Mo gbà pé ó ń gbé ẹni tí kò lágbára dìde. Ó tún ń dí ẹni tó mọṣẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ tó kọ 35 yẹn, tábúlẹ́ẹ̀tì kò lè rí i.

Ti àáfà, ẹ ò mọ̀ pé òun náà ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀? Ẹni tí kò bá ka Kùránì lọ́dọ̀ olùkọ́, tí olùkọ́ rẹ̀ kò sì yọ̀ǹda fún un, ta ló ń gbé ọmọ lọ bá a? Láti inú súrà kékeré ni ó sì ń bẹ̀rẹ̀, ọmọ ń kà á níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ní sún síwájú tí èyí tó wà lọ́wọ́ kò bá tíì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ìlànà ni, ó sì dára ju ti ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa lọ.

Ará_Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ìjíròrò. Kí n fi tibí kún un ní ṣókí torí pé ọ̀pọ̀ ń béèrè. Ní England, ní 2012, wọ́n fún àwọn ilé-ìwé tí wọ́n ń pè ní academy láṣẹ láti gba ẹni tí kò ní QTS, ìyẹn ìwé àṣẹ olùkọ́ tibí. Láti February 2023 wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún olùkọ́ Nàìjíríà láti gba QTS látibẹ̀, fún ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè, fún ọmọ ọdún 11 sí 16. Wọ́n ń wo oyè yunifásítì, wọ́n ń wo ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni, wọ́n sì ń bèèrè lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ TRCN pé ọwọ́ ẹni mọ́. N.C.E. nìkan kò dé ibẹ̀, B.Sc. nìkan kò dé ibẹ̀. B.Sc. pẹ̀lú PGDE ń dé ibẹ̀. Kí ẹni àkọ́kọ́ yín ronú sí i.

Ilé-ìwé Yorùbá ọjọ́ Sátidé ní tiwọn, wọn kì í béèrè QTS, ìwé àyẹ̀wò ìwà ọ̀daràn ni wọ́n ń béèrè. Bí Alákọ̀wé_Yorùbá ṣe wí gan-an ló ń rí níbẹ̀: "ṣé o gbọ́ Yorùbá?"

Akọ̀wé_Òbí

Ẹ ṣé púpọ̀. Ó ti ń yé mi pé ìbéèrè ìgbìmọ̀ wa kò péye. Ẹ jọ̀wọ́, báwo la ṣe máa dán àwọn mẹ́ta yìí wò láìjẹ́ pé ẹnu dídùn ló máa gba iṣẹ́? Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí a máa ń ṣe kò ju "sọ nípa ara rẹ" lọ.

Olùbẹ̀wò_Ìléèwé

Òwúrọ̀ kan tó.

Ìwé ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ìbéèrè ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì Common Entrance ti ọdún kan, 20 ìbéèrè, ìṣẹ́jú 30, kí fóònù wà lórí tábìlì yín. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ Pírámárì gbọ́dọ̀ gbà ju 18 lọ. Ẹ má tijú láti fún ẹni B.Sc. náà. Lẹ́yìn náà, ẹ kó ìwé iṣẹ́ ọmọ márùn-ún tó ní àṣìṣe jáde, ẹ bo orúkọ wọn, ẹ ní kó kọ ohun tó rò pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ń rò. Bí ó bá kọ "kò fọkàn sí i" fún gbogbo wọn, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Kíláàsì ló kàn. Ẹ fún un ní àkòrí lọ́jọ́ tó ṣáájú, ìṣẹ́jú 20, ọmọ gidi. Ẹ jókòó sẹ́yìn, kì í ṣe níwájú. Ẹ má wo bó ṣe ń pariwo tó, ẹ má wo káàdì aláràbarà. Ẹ ya àwòrán ìjókòó àwọn ọmọ sórí bébà, kẹ́ ẹ máa fi àmì sí ọmọ tó bá ti dáhùn. Bí àmì bá kó jọ sí iwájú nìkan, ọmọ mẹ́fà ló ń kọ́. Ẹ kọ ohun tó ṣe sí ìdáhùn àkọ́kọ́ tó kùnà: ṣé ó kọjá lọ bá ẹlòmíràn, àbí ó bi ọmọ náà bó ṣe ṣe é?

Bí ó bá jáde tán, ẹ mú ọmọ mẹ́rin láti ẹ̀yìn kíláàsì, ìbéèrè mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ohun tó kọ́. Máàkì àwọn ọmọ yẹn ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́ jù.

Ìwé ẹ̀rí gbẹ̀yìn: ojúlówó rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò, kì í ṣe fọ́tòkọ́pì, kí ẹ kọ̀wé sí ilé-ìwé tó ti gbà á. Ayédèrú pọ̀.

Tí kò bá sí ìyàlẹ́nu, bí mo ṣe máa pín wọn nìyí. N.C.E. ní Pírámárì 2. B.Sc. ní JSS, kí lẹ́tà iṣẹ́ rẹ̀ sọ pé yóò bẹ̀rẹ̀ PGDE kí ọdún ẹ̀kọ́ kan tó pé, kí ẹnìkan jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún sáà àkọ́kọ́. Oníwèé mẹ́wàá, kó jẹ́ igbákejì olùkọ́ ní Pírámárì 2, kó wọ N.C.E. tó ṣeé fi iṣẹ́ ṣe.

Sọ̀rọ̀_Kóyé

Ẹni ọdún méje kó wá di igbákejì ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì dé? Àwọn òbí á fárí gá. Ohun tó sì máa ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ máa dín owó rẹ̀ kù, kó lọ sí ilé-ìwé kejì lójú títì tí wọn ò ti ní béèrè ohunkóhun.

Ìyá_Jẹ́léósinmi

Owó ni kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn. Orúkọ ipò lè yí padà, owó kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀. Mo tún rò ó pé Ọ̀gá Olùbẹ̀wò yára jù níbẹ̀. Bí àwọn ọmọ mẹ́rin ẹ̀yìn kíláàsì bá ṣe é gbà lọ́wọ́ oníwèé mẹ́wàá ju ti N.C.E. lọ, ẹ máa fi ojú fo ohun tí ẹ fúnra yín ní ká gbà gbọ́ jù?

Olùbẹ̀wò_Ìléèwé

Ìyá, ẹ ti mú mi. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, òun ni kó di kíláàsì mú, kí N.C.E. jẹ́ igbákejì fún sáà kan, kí wọ́n jọ máa kọ ìwé ètò ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ òfin ṣì wà níbẹ̀ o, bí ìjọba bá wá yẹ̀ yín wò, orúkọ ẹni tó ní nọ́ńbà TRCN ni wọ́n máa béèrè.

Akọ̀wé_Òbí

Èyí dùn mọ́ mi. Ìbéèrè kan ló kù. Àkòrí wo la máa fún ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Ìyá_Jẹ́léósinmi

Pírámárì 2: 52 − 27, kẹ́ ẹ má sọ fún wọn pé kí wọ́n mú ìgbálẹ̀ wá.

Tíṣà_Àgbà

Oníṣirò yẹn, ẹ fún un ní nọ́ńbà òdì ní JSS 1. Kó kọ́ wọn títí yóò fi dé 3 − (−2). Kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ, ẹ ti lè bá a sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, nawọ́ béèrè pé kí ló dé tó fi di 5. Bí ó bá ní "òfin ni, òdì méjì á di àròpọ̀," ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí à ń retí ni kó wá nǹkan tí ọmọ mọ̀: ẹnìkan ní náírà 5 lápò, ó jẹ olóúnjẹ ní náírà 2, nítorí náà 3 péré ló jẹ́ tirẹ̀. Ìyá olóúnjẹ wá ní "ọmọ mi, mo ti fi gbèsè yẹn jì ọ́." Wọ́n yọ gbèsè 2 kúrò lọ́rùn rẹ̀. Kó wá bi kíláàsì pé èló ló jẹ́ tirẹ̀ báyìí, kó sì dákẹ́.